Omi Ọmú Tí Èèrà Kú Sí

Èèrà mẹ́ta ni Alhaja Sìmbíátù kó sínú omi ọmú ìyàwó ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé náà, nígbà tí wọ́n kírun Àsùbáà tán. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kó lè yé yín yékéyéké: èèrà, èèrà dúdú wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tò lára ògiri, òun ni wọ́n pè wá dájọ́ ọmú abiyamọ. Inú ìdérí kúlà ni wọ́n fún omi ọmú náà sí. Èèrà àkọ́kọ́ ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Èkejì ń yí po, ó ń yí po, òun náà dákẹ́. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

"Ó ti tán," ni Alhaja wí. Kò pariwo. "Bí ó bá dára ni, wọn ì bá rìn jáde. Ọmú ìyàwó yìí korò bí ewúro."

Ibtisam wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó di àyà bùbá rẹ̀ mú. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ọmọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kó èèrà kiri yìí sì ni àkọ́bí rẹ̀, Ahmad, ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Orí ọmú ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo pa á. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tó ti ń ta á bẹ́ẹ̀. Ó pọ́n, ó ń dán, ó ń yún un, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì í. Ó fẹ́ béèrè pé, Màámi, ṣé èèrà mọ odò í wẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

Láti ọjọ́ Tàláátà ni nǹkan funfun ti bo ahọ́n Ahmad, tó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú, bí ògì ṣe máa ń gbẹ mọ́ etí abọ́. Wọ́n fi omi nù ún, kò lọ. Ní ọjọ́ Àlàmísì, Alhaja wé aṣọ funfun mọ́ ìka, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù tó lọ̀ pọ̀, ó fi ha ẹnu ọmọ náà. Láti ìgbà náà, ó ń ha á láàárọ̀, ó ń ha á lálẹ́. Bí ó bá ti ha á, ibi tó funfun a pọ́n, ẹ̀jẹ̀ a sì yọ. "Àìsàn yẹn ló ń jáde," ni Alhaja máa ń wí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, funfun náà a tún ti padà wá bo ojú egbò.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: obìnrin yìí kì í ṣe ìkà. Òun ló ń jí gbé omi kaná láti fi wẹ ìyá ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ahmad, òun ló ń gbé ọmọ mọ́ra kí Ibtisam lè rí oorun sùn. Ìyàndá ló ń fi oríkì pe ọmọ náà, bí ó bá sì ti pè é báyẹn, ojú rẹ̀ a rọ̀ wọ̀ọ̀. Ọmọ méje ló bí ní Alájùẹ kó tó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé ní ìgboro Ẹdẹ. Ó sin méjì, ó tọ́ márùn-ún yè. Ì bá ṣe pé ìkà ni, à bá mọ ohun tí a ó bá a sọ. Ìfẹ́ ló ń fi ṣe é, ta ló fẹ́ bá ìfẹ́ jà?

"Jókòó dáadáa, Ìyá Ahmad," Alhaja ní. "Láti òní lọ, ọmọ yìí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọmú yẹn. Ọjọ́ méje ni wàá fi mu àgbo tí yóò fọ̀ ọ́. Wàá máa fún un dànù láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Omi ògì ni Ìyàndá yóò máa mu."

"Màámi, ọjọ́ méje?"

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo wà lọ́jà yìí." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Nasrullah, tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó fi aṣọ iṣẹ́ kọ́ èjìká. "Nasiru, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè, kó o má purọ́ fún mi. Kí ọkọ sún mọ́ abiyamọ, òun ló ń ba ọmú jẹ́. Ogójì ọjọ́ kò tíì pé. Ṣé ẹ ti jọ sùn ni?"

Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Ibtisam ti bímọ, orí ẹní ní pálọ̀ ni Nasrullah ń sùn. "Rárá" kan ṣoṣo ì bá ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ojú tì í láti dúró níwájú ìyá rẹ̀ kó máa sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ń fi imú bàtà ha sìmẹ́ńtì. Ibtisam gbójú sókè wò ó, ó ń retí. Ó retí, retí, títí Alhaja fi mí kanlẹ̀ tó ní, "Ó ti yé mi."

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀ níta, Sàrátù, ayálégbé tó ń gbé yàrá òdìkejì, ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbálẹ̀ náà ti dákẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ ọmú.

Kí aago mẹ́jọ tó lù, gbogbo agboolé ti gbọ́. Nígbà tí Ibtisam lọ fa omi ní kànga, àwọn obìnrin tó bá níbẹ̀ kí i ní kíkí tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ: ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìsùn, Ọlọ́run yóò wò ó. Ó kàn yí ẹ̀yìn padà báyìí ni, Sàrátù rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ débi tí ẹni tí wọ́n ń sọ kò ní gbọ́.

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Ogójì ọjọ́ péré, wọn ò lè mú un mọ́ra."

"Ẹ rọra o, Ìyá Fawziyah," ni ẹnì kan wí fún Sàrátù.

"Kí ni mo sọ? Èmi ò ní ó rí bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ ẹnu tó funfun báyẹn, mo ti rí i rí lẹ́nu àbúrò ọkọ mi tó ti Èkó bọ̀. Gbogbo yín náà ẹ mọ ohun tó pa ìyẹn."

Omi dà sí Ibtisam lẹ́sẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà tó lóyún, kò sí éèdì níbẹ̀. Ìwé rẹ̀ wà nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣé kó lọ gbé ìwé náà kọ́ sí ìdí kànga ni? Ó gbé omi rẹ̀, ó ń lọ. Láti inú yàrá Alhaja, ó ń gbọ́ igbe Ahmad, omi ọmú sì ń rin aṣọ mọ́ ọn láyà.

Ká má parọ́, Nasrullah gbìyànjú. Ó gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò, ó bá àgádágodo lẹ́nu géètì. Ọlọ́dẹ tó jókòó síbẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà, ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ti daṣẹ́ sílẹ̀, kó padà wá ní Mọ́ńdè, bóyá wọ́n á ti wọlé. Bóyá! Ló bá yà sí ilé oògùn Adéyẹmí. Adéyẹmí yìí náà ló ta kápúsù fún Ibtisam nígbà tí ojú ibi tí wọ́n rán fún un ń dùn ún lẹ́yìn ìbímọ, tó ní kó lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Kò gbójú kúrò lójú fóònù. Kò ní kí wọ́n gbé ọmọ wá kí òun rí i.

"Ẹnu funfun? Ìbà ni. Fún un ní èyí," ó ní, ó sì na oògùn olómi kan sí i. Ẹbí kápúsù ọjọ́sí ni, wọ́n kàn fi adùn sí i ni.

Nasrullah gbà á, ó dúpẹ́. Ohun tí kápúsù yẹn ti dá sílẹ̀ nínú ilé náà, kò sí ẹni tó tíì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ooru ti mú, páànù orí ilé ń ró pákápáká. Alhaja tẹ́ Ahmad sórí itan, ó kó omi ògì sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi dí i lẹ́nu, ó rọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ láyé àtijọ́. Ògì gba imú jáde. Ọmọ náà wúkọ́, ó fà gùn-ùn, ojú rẹ̀ ṣú. Alhaja gbé e dúró, ó lù ú lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́, ó ń pe oríkì rẹ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó tún tẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdajì abọ́ ògì ló wà lára aṣọ, ìdajì wà nílẹ̀. Èyí tó wọ ọmọ nínú, kò tó nǹkan.

"Ìwọ náà, jẹun," ó pàṣẹ fún Ibtisam. Ó ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ín-mọ́ín ẹlẹ́yin síwájú rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìkòkò. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. "Àgbo ò ṣe é mu lórí òfo."

Ibtisam bu ẹ̀kọ, ó fi sẹ́nu. Kò lọ. Báwo ni yóò ṣe lọ, nígbà tí ẹni tó ni oúnjẹ tó wà láyà rẹ̀ ń kígbe ebi níwájú rẹ̀?

Nígbà tí Alhaja gun orí ẹní láti kírun Àìlà ní pálọ̀, Ibtisam rọra wọ yàrá lọ bá ọmọ rẹ̀. Òpó mẹ́rin ni ìrun Àìlà, ó sì mọ bí Alhaja ṣe máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ tó. Ó gbé Ahmad, ó ṣí àyà, ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Ọmọ náà gbá a mú bí ẹni tó rí ohun tó sọ nù. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ibtisam fi eyín di etí gèlè rẹ̀ mú kí igbe má bàa jáde, nítorí ìrora náà gba àyà rẹ̀ já sí ẹ̀yìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ahmad tú u sílẹ̀, ó ju orí sẹ́yìn, ó figbe ta. Ẹ̀jẹ̀ wà ní orí ọmú náà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Ibtisam. Ahọ́n tí wọ́n ti fi iyọ̀ ha ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó tún fi sí i lẹ́nu, ọmọ yí ojú kúrò. Ebi ń pa á, oúnjẹ dé ẹnu rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́. Ibtisam ń bẹ̀ ẹ́, "Jọ̀ọ́, Ahmad, jọ̀ọ́, bàbá mi," bí ẹni ń bẹ àgbàlagbà.

"Háà!" Alhaja dúró lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà ń fì lọ́wọ́ rẹ̀. "À ń gba òròmọadìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ láàtàn! Ohun tí mo ní kó o má ṣe? Ṣé o fẹ́ pa á mọ́ mi lójú ni?"

Ó gba ọmọ. Ibtisam kò bá a fà á. Ọmọ olórí rírọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn méjì ń fà.

Wọ́n ní kó lọ fún ọmú dànù lẹ́yìnkùlé. Ó lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí wọ́n da ti àárọ̀ sí, ni ojú rẹ̀ bá kan nǹkan. Èèrà ni, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ láti ìdí ògiri títí dé ibi tí omi ọmú náà ti rin ilẹ̀. Wọ́n ń lá a. Èyí tó yó ń padà lọ pe ẹbí.

Ibtisam wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà, ó mú ìdérí kúlà náà tó wà lójú fèrèsé, ó fọ̀ ọ́, ó da omi díẹ̀ sí i láti inú búta tí Alhaja fi ń ṣe àlùwàlá. Omi lásán. Omi kànga tí òun fúnra rẹ̀ fà láàárọ̀. Ó mú èèrà kan, ó sọ ọ́ sí i. Èèrà náà ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ó mú òmíràn. Òun náà dákẹ́.

Ó rọra pe ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ahmad, ẹ wá wo nǹkan."

Nasrullah bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ìdérí náà. "Ọmú ni?"

"Omi ni. Omi àlùwàlá Màámi. Ẹ tún wo ilẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ó wo ilẹ̀. Ó yé e. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó yé e, nítorí ó gbẹ́nu sókè bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló wá ṣe, ọkùnrin yìí tó ń yọ́ irin jẹun? Ó gba ìdérí náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó da omi àti èèrà nù sí ìdí ògiri.

"Má jẹ́ kí Màámi rí i," ó ní. "Wọn yóò ní ò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ahmad ńkọ́?"

"Jẹ́ ká fi sùúrù sí i di ọ̀la."

Ibtisam tún kọjú sí ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, èèrà sì ń wá.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ẹkún dá. Gbogbo agboolé dúpẹ́. Sàrátù yọjú sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ní, "Alhamdulillah, oorun ti gbé e lọ. Mo ní àgbo yẹn á ṣiṣẹ́." Alhaja pàápàá na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọmọ wà lórí itan rẹ̀.

Ibtisam nìkan ni kò jókòó. Ó tọ́wọ́ bọ inú ìlédìí Ahmad: gbígbẹ ni. Èyí tí wọ́n wọ̀ fún un láàárọ̀ náà ni, omi kan kò kàn án. Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, àwùjẹ̀ ti wọnú, ìka rẹ̀ rì síbẹ̀. Ètè ọmọ náà gbẹ, ojú rẹ̀ là díẹ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni.

"Màámi," ó ní, "ọmọ yìí kò tọ̀ láti àárọ̀."

Alhaja fẹ́ fèsì. Ó ki ìka bọ ẹnu ọmọ náà kó fi rí bóyá yóò fà á. Kò fà á. Ó gbé apá rẹ̀ sókè, apá náà padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ti sin ọmọ méjì mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó fa ìborùn rẹ̀, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò tilẹ̀ mọ̀.

"Nasiru, pe ọkọ̀."

Ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà Sẹkọna ni wọ́n gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì Olúfúnkẹ́, obìnrin kúkúrú kan tó wọ awò, ló gba ọmọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ó wò ó, ó pa á, ó tún tàn án.

"Ta ló ha ẹnu ọmọ yìí?"

Alhaja kó ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìborùn.

Nọ́ọ̀sì ní kí Ibtisam ṣí àyà. Ó kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan ni. "Ìwọ náà ní in. Ó ń ta ọ́, àbí? Ṣé o lo kápúsù láìpẹ́ yìí?" Ibtisam mi orí. "Ìsàlẹ̀ rẹ náà ń yún ọ?" Ibtisam wo ọkọ rẹ̀, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó tún mi orí, omijé bọ́.

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," ni Olúfúnkẹ́ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Nǹkan kan ni tó dà bí ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Ara gbogbo wa ló ń gbé. Kápúsù tó o lò ti pa àwọn tó ń ká a lọ́wọ́ kò, ló bá rí àyè gbà, ó ń wú. Ọmú ń kó o ran ọmọ, ẹnu ọmọ ń kó o ran ọmú. Oògùn olómi kan wà tí à ń kán sí ẹnu ọmọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ìpara kan wà fún ìyá, ẹ ó sì tọ́jú àwọn méjèèjì pọ̀. Ọmọ ò ní fi ọmú sílẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Alhaja sún mọ́ tòsí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Nọ́ọ̀sì, ọmú yẹn… ṣé kò korò?"

"Ta ló tọ́ ọ wò, Màámi, tó ní ó korò?"

Nasrullah wo ilẹ̀, bó ṣe wò ó láàárọ̀. Ibtisam lè sọ ọ́. Ó lè dárúkọ èèrà níbẹ̀, kí ojú gbogbo ayé rí i. Ó wo bàtà òdì lẹ́sẹ̀ ìyá arúgbó náà, ó pa ẹnu mọ́.

"Ẹ gbọ́," ni nọ́ọ̀sì wí, ó ti ń kọ ìwé lọ́wọ́. "Ẹnu funfun kọ́ ni ìjà tó wà nílẹ̀ báyìí. Ọjọ́ kejì tó yọ ni à bá ti fi oògùn kékeré lé e. Omi ti gbẹ lára ọmọ yìí. Mi ò rí iṣan rẹ̀ láti fi omi sí i lára, mi ò sì ní ohun tí mo lè fi wá a níbí. Òṣogbo ni, ilé ìwòsàn ńlá, nísinsìnyí. Kò lè fà, egbò ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gba ṣíbí yìí. Ẹ máa fún omi ọmú sínú rẹ̀, ẹ máa kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi débẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá."

Nínú ọkọ̀ kórópe, Nasrullah jókòó ti awakọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sáré. Àwọn obìnrin méjèèjì wà lẹ́yìn, ọmọ wà láàárín wọn lórí itan Ibtisam. Oòrùn ti ń wọ̀. Orí Ahmad wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, Alhaja fi ọwọ́ tún un ṣe, ó tún wọ́.

Ibtisam ṣí àyà, ó fún ọmú. Alhaja fi ọwọ́ kan di ṣíbí mú sábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ kejì sábẹ́ ṣíbí kí ẹ̀kán kankan má bàa ṣòfò. Gègéle gbé ọkọ̀ sókè, díẹ̀ ta sílẹ̀ sórí ìjókòó, Alhaja ní "Yéè!" bí ẹni tí iná jó. Ó gbé ṣíbí náà lọ sẹ́nu ọmọ, ó kán an.

"Ṣé ó gbé e mì?" ó bi Ibtisam. Ó bi í bí ọmọdé ṣe ń bi àgbà. "Ìyá Ahmad, ìwọ ni ojú rẹ ríran. Ṣé ó gbé e mì?"

Ibtisam tẹjú mọ́ ọ̀fun kékeré náà. Ó wò ó, wò ó. Omi ọmú náà dúró lórí ahọ́n fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gba igun ẹnu jáde, ó sì ń ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Alhaja fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á, kò nù ún dànù. Ó tún gbé ṣíbí náà sábẹ́ ọmú.